Lẹ́ńsì gígùn wo ni kí n rà fún 80D: 70-300 tuntun àbí 70-200 f/2.8 àlòkù?

Onífọ́tò_Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Canon 80D ni mo ń lò. Lẹ́ńsì tó wà lọ́wọ́ mi kò ju méjì lọ: 18-135 tó bá kámẹ́rà wá, àti 50mm f/1.8. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òwàm̀bẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, ìsìnkú arúgbó, ọjọ́ ìbí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n máa ń pè mí síbi bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé-ìwé. Mo tún fẹ́ lọ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ dúró sẹ́yìn èrò kí n máa ya ẹ̀yìn fìlà àwọn èèyàn.

Owó tí mo tù jọ lè ra ọ̀kan nínú méjì yìí: Canon EF 70-300mm f/4-5.6 IS II tuntun inú páálí, tàbí Canon EF 70-200mm f/2.8L àlòkù, ti àtijọ́ tí kò ní IS (ẹ̀rọ tó ń mú ọwọ́ tó ń gbọ̀n dúró). Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé 300 ju 200 lọ, kí n ra èyí tó gùn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tọ́ mi sọ́nà.

BàbáStúdíò (Òṣogbo)

Ọ̀rẹ́ rẹ ò purọ́, àbúrò, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló bá ọ sọ. Inú gbọ̀ngàn lo ti ń jẹun, ìmọ́lẹ̀ sì lọ̀rọ̀ inú gbọ̀ngàn.

Wo ìṣirò yìí. Tí 70-300 yẹn bá nà tán, ojú rẹ̀ ò lè là kọjá f/5.6 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń là tó). 70-200 ń la ojú dé f/2.8 láti 70 títí dé 200, kì í yí padà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba f/2.8 wọlé jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin èyí tó ń gba f/5.6. Ká ní o wà níbì kan tí f/2.8, ṣọ́tà 1/200 (ìdá kan nínú igba ìṣẹ́jú àáyá) àti ISO 3200 (bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) ti fún ọ ní fọ́tò tó dáa. Gbé 70-300 síbẹ̀ kí o fà á dé òpin. O ní láti gbé ISO lọ sí 12800, tàbí kí o fa ṣọ́tà wálẹ̀ sí 1/50. Ní ISO 12800 lórí 80D, hóró-hóró á yọ lójú ìyàwó bíi gàrí. Ní 1/50, ìyá ọkọ tó ń jó á di ẹni tó ní ọwọ́ mẹ́fà.

O lè ní IS wà lára 70-300. Òótọ́ ni, Canon ní ó tó stop mẹ́rin (stop kan ni ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀). Ṣùgbọ́n ọwọ́ tìrẹ ni IS ń mú dúró, kò lè mú oníjó dúró. Àlùfáà tó ń wàásù lójú kan, IS á gbà ọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń jó, ṣọ́tà tó yá ló lè mú un.

Onífọ́tò_Àkúrẹ́

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá wá lo fláàṣì ńkọ́? Ṣé f/5.6 ò ní tó?

BàbáStúdíò (Òṣogbo)

Á tó, tí wọ́n bá gbà ọ́ láyè. Fláàṣì tí agbára rẹ̀ (guide number) jẹ́ 60 ní mítà, ní ISO 100, pín in sí f/5.6: ó lé díẹ̀ ní mítà mẹ́wàá tí o bá kọjú rẹ̀ tààrà sí ẹni tí ò ń yà. Gbé ISO sí 400, ó di nǹkan bíi mítà 21. Ìyẹn kò burú. Àmọ́ ẹ̀yìn ẹni náà á ṣú, aṣọ tí wọ́n fi owó ńlá ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ ò ní hàn. Tí o bá wá kọjú fláàṣì sí àjà kó lè rọ̀, ó ti jẹ púpọ̀ nínú agbára yẹn. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan sì wà tó jẹ́ pé bí ẹ̀jẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò fẹ́ rí fláàṣì rárá.

ÌyáFọ́tò (Ìbàdàn)

Ẹ jẹ́ ká fi téèpù wọ̀n ọ́n, nítorí ọ̀rọ̀ "ó gùn, kò gùn" kì í tán.

Sẹ́ńsọ̀ 80D, awo tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, fẹ̀ ní 22.3mm. Tí o bá gbé kámẹ́rà dúró lóòró, tí o fẹ́ kí ẹni tó ga ní mítà 1.8 kún fọ́tò látorí dé ẹsẹ̀, 70mm á mú ọ dúró ní bíi mítà 5.6 sí i. 200mm á tì ọ́ sẹ́yìn dé mítà 16. 300mm á gbé ọ dé mítà 24. Àbúrò mi, ìgbéyàwó wo lo lọ tí wọ́n jẹ́ kí o dúró ní mítà 24 sí ìyàwó, tí ẹnikẹ́ni ò gba àárín yín kọjá? Aláásè á ti gbé àwo kọjá, onígángan á ti dúró síbẹ̀, bàbá kan tó ń fi fóònù ya fídíò á sì ti nàró síwájú rẹ bí òpó iná.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń dúró létí ìjókòó kejì tàbí ìkẹta. Látibẹ̀ dé pẹpẹ kì í sábà ju mítà mẹ́jọ sí méjìlá. Níbẹ̀, 200 lórí 80D á fún ọ ní òrùka tó ń wọ ìka, àti omijé tó dúró lójú ìyá ìyàwó. Ohun tí mò ń wá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. 300 kò ní fi nǹkan kún un fún mi.

Ìṣòro ibẹ̀ wà ní apá kejì. 70mm lórí 80D rí bíi 112mm lórí full-frame (kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi ju ti 80D lọ). Nígbà tí ẹbí bá dé láti ya fọ́tò mọ́ ìyàwó, ẹ̀yìn ògiri ni wàá fẹ̀yìn tì, wọn ò sì ní gbà nínú fọ́tò. Torí náà má ta 18-135 rẹ. Tí àyè kámẹ́rà kejì bá wà, 70-200 kò gbọ́dọ̀ kúrò lára ọ̀kan, kí 18-135 wà lára èkejì. Pípààrọ̀ lẹ́ńsì nígbà tí wọ́n ń ju owó sókè, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Kẹ́ ẹ má gbàgbé 85mm f/1.8. Kì í ṣe súùmù, mo mọ̀. Gíráàmù 425 péré ni, ó rí bíi 136mm lórí 80D, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ ju gbogbo súùmù tí a ń sọ yìí lọ.

OníWọ̀bìà_Lẹ́ńsì

Ẹ̀yin ò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. 70-200 yẹn funfun! Bí kọ́sítọ́mà bá ti rí lẹ́ńsì funfun gbọọrọ lọ́wọ́ rẹ, kò ní dúnàá-dúrà mọ́. Ìdí pàtàkì nìyẹn 😂

ÌyáFọ́tò (Ìbàdàn)

Àwọn ọmọ tó ń jí nǹkan náà rí i pé ó funfun. Mo máa ń wé téèpù dúdú mọ́ tèmi tí mo bá fẹ́ wọ ọkọ̀ èrò.

Bọ́ọ̀lùLójúMi

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí bọ́ọ̀lù, torí mo máa ń ya àwọn Shooting Stars ní Adámásingba.

Pápá ńlá gùn tó mítà 105. Àpótí gólì jìn ní mítà 16.5. Ẹ padà wo mítà 16 tí Ìyáfọ́tò ṣírò: tí o bá jókòó lẹ́yìn ìlà gólì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, 200mm lórí 80D á mú ẹni tó wà létí àpótí láti bàtà dé irun. Ìjà inú àpótí, ìfòsókè, gólíì tó nà gbọọrọ, gbogbo ẹ̀ lo máa rí. Ẹni tó wà láàárín pápá jìnnà sí ọ ní mítà àádọ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, 300 gan-an ò lè fà á kún fọ́tò. Fi àárín pápá sílẹ̀ fún àwọn tó ní 400.

Ṣọ́tà bọ́ọ̀lù, má lọ sísàlẹ̀ 1/800. Bí òòrùn bá ṣì wà, f/5.6 ò ní dá ọ lẹ́kun. Àmọ́ ìdíje ilé-ìwé kì í bẹ̀rẹ̀ lásìkò, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní aago mẹ́ta, kọmíṣánnà á dé ní márùn-ún, abala kejì á wọ àṣálẹ́, ọ̀sán wa kì í sì í pẹ́ ṣú. Níbẹ̀ ni oní-f/5.6 ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Fókọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Ojú àárín gbùngbùn 80D ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i tí lẹ́ńsì bá jẹ́ f/2.8. Tí 200 ò bá sì tó, o lè fi extender 1.4x (gíláàsì kékeré tó ń fa lẹ́ńsì gùn) sí i lára: ó di 98-280 f/4. O pàdánù stop kan, síbẹ̀ ó ṣì mọ́lẹ̀ ju 70-300 lọ ní ibì kan náà. Ẹ má fi 2x sí i o, stop méjì ló ń jẹ, fọ́tò a sì máa rọ̀.

Ará_Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àgbà ti sọ òótọ́, àmọ́ mo rí i pé àbúrò wa ti ti ara rẹ̀ mọ́ méjì péré. Ọjà ju ìyẹn lọ.

Canon EF 70-200mm f/4L IS, ti ọdún 2006. Gíráàmù 760. Ìdajì ìwúwo ti f/2.8L IS II ni, torí ìyẹn wọ̀n tó 1490. Ẹ fi 730 ti 80D kún un, kílò 2.2 ló ń so rọ̀ lọ́rùn yín láti àárọ̀ ìjọsìn títí di ìgbà tí wọ́n bá ń pín sùfínìà. f/4 ń gba ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ f/5.6, ó ní IS, àwòrán rẹ̀ sì mú bí abẹ. Èyí tí kò ní IS nínú f/4 yẹn tún dínwó sí i, àmọ́ kò ní rọ́bà tó ń dí eruku àti omi.

Tamron 70-200mm f/2.8 G2, ti 2017. Ó ní VC, tó jẹ́ IS tiwọn, ó wọ̀n ní kílò 1.5. Dúdú ni, OníWọ̀bìà á bínú. Àlòkù rẹ̀ sábà máa ń dínwó ju ti Canon tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Tamron 70-300 VC tí wọ́n gbé jáde ní 2010. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan, tó sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òòrùn, kó wò ó.

Èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ rà rárá ni Canon 75-300 III. Kò ní IS, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ ń ráre, bó bá sì dé 300, àwòrán á máa rí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Wọ́n máa ń tì í mọ́ kámẹ́rà tuntun kí ọjà lè dà bíi pé ó pọ̀. Orúkọ rẹ̀ fara jọ 70-300 tí a ń sọ, ojú rere sì ni àwọn kan fi ń tà á fún ẹni tí kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò tó ń ṣe bàìbàì: àwọn èèyàn rò pé f/2.8 nìkan ló lè ṣe é. Ẹ pín 200 sí 2.8, ó jẹ́ 71. Ẹ pín 300 sí 5.6, ó jẹ́ 54. Ẹ pín 200 sí 4, ó jẹ́ 50. Nọ́ńbà yìí ni ìbú ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Bó bá ṣe tóbi tó ni ẹ̀yìn tó jìnnà ṣe ń yọ́ tó. Torí náà 70-300 tó nà tán ju 70-200 f/4 lọ díẹ̀ nínú ìyẹn, tí àyè bá wà láti sún sẹ́yìn.

Tí ẹ bá sì ń rò ó pé lọ́jọ́ kan ẹ máa kúrò lórí 80D lọ sí mirrorless ti Canon (kámẹ́rà tí kò ní díńgí nínú), lẹ́ńsì EF kì í ṣòfò. Àdápítọ̀ kékeré ni ẹ máa fi sáàárín, gbogbo nǹkan á ṣiṣẹ́.

Dókítà_Lẹ́ńsì

Àtúnṣe ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ "kò sí nǹkan kan tó ṣe é" ló gbé mi jókòó. Àbúrò, má sanwó títí wàá fi ṣe àwọn nǹkan yìí níṣojú ẹni tó ń tà á. Gbé 80D rẹ dání, má lo kámẹ́rà tiẹ̀.

Kọ́kọ́ ṣí ìdérí méjèèjì, wá ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀, kí o tan tọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀yìn lẹ́ńsì, ní ìdagun, kì í ṣe tààrà. Eruku tó tò wínníwínní kì í yọ lára fọ́tò, má torí ẹ̀ bá a jà. Ohun tí ò ń wá ni nǹkan tó ya ẹ̀ka bí òwú aláǹtakùn. Fúńgọ́ọ̀sì nìyẹn. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ni oúnjẹ rẹ̀, pàápàá tí lẹ́ńsì bá sùn nínú àpò aláwọ fún gbogbo àsìkò òjò. Tí ó bá ti dé àárín, fi sílẹ̀. Tí gbogbo inú rẹ̀ bá sì rí bí èémí lára díńgí, bíi kùrukùru fẹ́lẹ́ kan báyìí, ìyẹn náà kò dáa: bí o bá kọjú sí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, fọ́tò á ṣá. Ìlà kékeré tó ha lójú iwájú kò tó nǹkan. Ti ojú ẹ̀yìn ló ń hàn.

Lẹ́yìn náà, gbé e sára kámẹ́rà, kí o yí súùmù láti 70 dé 200, lọ, bọ̀. Kò gbọdọ̀ há níbì kan kó wá rọ̀ níbòmíràn.

Wàyí o, èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Yí i sí Av (ipò tí o ti ń yan nọ́ńbà f fúnra rẹ), kí o yan f/11, ya fọ́tò kan ní 70, ọ̀kan ní 135, ọ̀kan ní 200. Má fi sí f/2.8 fún ìdánwò yìí. Ojú lẹ́ńsì ṣí sílẹ̀ nígbà tó wà ní f/2.8, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń darí àwọn abẹ inú rẹ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Tí okùn yẹn bá ti ń já, kámẹ́rà á ya fọ́tò dáadáa ní f/2.8 lójú ọjà, wàá fi ẹ̀rín gbé e lọ sílé, ọjọ́ tí o bá yí i sí f/8 fún fọ́tò ẹbí ni Err 01 máa yọ lójú rẹ. Err 01 ni kámẹ́rà fi ń sọ pé òun àti lẹ́ńsì ò gbọ́ ara wọn yé.

Ìkẹyìn: lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, kọjú sí i gẹ́lẹ́, ya á ní f/2.8. Tún un wò lórí kọ̀ǹpútà. Tí apá òsì bá mú tí ọ̀tún bá rí bàìbàì, gíláàsì kan ti yẹ̀ nínú rẹ̀, ó ti já bọ́ rí. Àmọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá kàn rọ̀ díẹ̀ torí pé fókọ́ọ̀sì ń bọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn, má sá. 80D ní AF Microadjustment nínú àkójọ ètò rẹ̀, wàá tún un ṣe fúnra rẹ.

Lẹ́ńsì tó ti pẹ́ tó báyìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣòro rí. Tí mọ́tò fókọ́ọ̀sì bá kú, ara òkú mìíràn la ti ń yọ ọ́. Fi èyí sínú dúnàá-dúrà.

ỌmọÌjẹ̀búGidi

Ẹnìkan dárúkọ Ojúde Ọba, ẹ jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, ọ̀sán gangan, lábẹ́ òòrùn. Gbogbo ẹjọ́ f/2.8 tí ẹ̀yin aláṣọ gbọ̀ngàn ń rò, kò kàn wá níbẹ̀. Lábẹ́ òòrùn tó là kedere, ISO 200 àti f/5.6 á fún ọ ní ṣọ́tà 1/1600. Ẹṣin wo ló ń sáré ju ìyẹn lọ? Àwọn ará Balógun á gun ẹṣin wọlé, wọ́n á yin ìbọn, ẹṣin á gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, wàá mú eruku tó ń já lábẹ́ pátákò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, 300 wúlò. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn sún mọ́ ẹṣin, ẹni tó bá sì gbọ́n kò ní sún mọ́ ọn fúnra rẹ̀ nígbà tí ìbọn bá ń dún.

Ti àwọn regbéregbé, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́-orí wọn kò jìnnà síra, yàtọ̀. Wọ́n á tò kọjá níwájú pèpéle, aṣọ kan náà, fìlà kan náà, bàtà kan náà. Lẹ́ńsì gígùn á fún wọn pọ̀ mọ́ra wọn, ìlà ogún èèyàn á dà bí ògiri aṣọ kan ṣoṣo. Fọ́tò yẹn dùn. 135 sí 200 ló máa ń ṣe é jù.

Láti 2024 tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú sìgá lẹ́nu, ti gba ayélujára kan, oníkámẹ́rà tó ń wá ti di ọ̀wọ́. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà á kún. Ẹni tó ní súùmù yóò dúró lójú kan, á máa mú ohun tó jìnnà àti ohun tó súnmọ́. Ẹni tó ní 85mm, ogunlọ́gọ̀ á bò ó. Mo bọ̀wọ̀ fún Ìyáfọ́tò, àmọ́ 85 kì í ṣe ti Ojúde Ọba.

Eruku lẹ ó ṣọ́ra fún. 70-300 ń nà síta tí ẹ bá fà á, ó sì ń fa atẹ́gùn wọlé bí ẹ ṣe ń fà á tí ẹ ń tì í, kò sì ní rọ́bà tó ń dí eruku. 70-200 L kì í nà síta. Tí ẹ bá gbé 70-300 lọ, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ dání, kí ẹ gbá ara rẹ̀ kí ẹ tó tì í padà. Àti pé ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì lójú agbo. Bí ẹ bá ti inú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ bọ́ síta, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà ṣì wà nínú báàgì fún ìgbà díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú lẹ́ńsì á lagùn, Balógun àkọ́kọ́ á sì ti kọjá.

Ohun kan tí wọn kì í sọ fún ọmọdé: tí ẹ bá ya ẹni tó jìn rere lójú títì ọlọ́dà ní aago méjì ọ̀sán, tí fọ́tò wá rí bí ẹni wo inú omi, ẹ má bú lẹ́ńsì. Ooru tó ń gòkè látilẹ̀ ni. Lẹ́ńsì olówó iyebíye kankan ò lè gé e. Ẹ sún mọ́ ọn, tàbí kí ẹ yà á láàárọ̀.

Ẹlẹ́yẹÌbàdàn

Ẹ dákun, ẹyẹ ni mò ń yà, mo kàn fẹ́ kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rí i kà. 200 àti 300 tí ẹ ń jà sí yìí, oúnjẹ àárọ̀ ni fún wa. Ẹyẹ tó kéré bí ìka, tó wà lórí ẹ̀ka ní igbó IITA (ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn), 400 ni ìbẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ń wá Malimbus ibadanensis, ẹ̀gà pupa-òun-dúdú tó jẹ́ pé ilẹ̀ Nàìjíríà nìkan ló ń gbé, 150-600 ti Sigma tàbí Tamron la ń gbé. Sigma Contemporary wọ̀n ní gíráàmù 1930, Sports rẹ̀ 2860. Mo bẹ yín, Contemporary. Oní-Nikon, 200-500 f/5.6 ń bẹ, kílò 2.3. Ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣe pàtàkì ju kí ẹ máa wá f/2.8 lọ.

Onífọ́tò_Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo lọ wo 70-200 náà lónìí, mo ṣe bí Dókítà ṣe wí. Inú rẹ̀ mọ́, súùmù rẹ̀ ń lọ geerege. Mo yí i sí f/11: 70, ó yà. 135, ó yà. 200, Err 01. Mo pa kámẹ́rà, mo tún tàn án, ó yà lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbé Err 01 jáde. Ẹni tó ń tà á ní kámẹ́rà mi ni kò dáa. Mo fi 18-135 sí i níwájú rẹ̀, f/11, kò sí wàhálà. Ó dákẹ́, ó wá ní òun á yọ díẹ̀ nínú owó.

Ṣé kí n gbà á kí n tún un ṣe?

Dókítà_Lẹ́ńsì

Rárá. Àfi tí ó bá yọ ju ìdajì lọ, kò sì ní yọ ọ́.

ÌyáFọ́tò (Ìbàdàn)

O ṣeun tí o gbé kámẹ́rà tìrẹ dání. Ìgbéyàwó wo ló kù nílẹ̀? Lọ háyà 70-200 f/2.8 IS II fún ọjọ́ náà. Àwọn tó ń fi lẹ́ńsì háyà lójúmọ́ wà ní Èkó àti Ìbàdàn, wàá kàn fi káàdì ìdánimọ̀ àti owó ìdúró sílẹ̀. Gbé e láti àárọ̀ dalẹ́, wo bóyá ọrùn rẹ gbà á. Wo fọ́tò rẹ lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà á sọ ibi tí o dúró sí jù nínú súùmù náà fún ọ: bí ọ̀pọ̀ bá wà láàárín 70 sí 100, o ò nílò lẹ́ńsì gígùn nínú gbọ̀ngàn rárá, 85 ni.

Èmi tí mo bá wà nípò rẹ, tí owó ò tíì pọ̀, 85mm f/1.8 àlòkù fún gbọ̀ngàn, pẹ̀lú EF-S 55-250 IS STM fún Ojúde Ọba àti bọ́ọ̀lù ọ̀sán. 55-250 yẹn wọ̀n ní gíráàmù 375 péré, 2013 ló jáde, kò sí ẹni tó máa ń gbé e gẹ̀gẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì mú ju iye rẹ̀ lọ. Méjèèjì pọ̀ á dín sí owó ọ̀kan nínú àwọn tó o dárúkọ.

BàbáStúdíò (Òṣogbo)

Mi ò bá Ìyáfọ́tò jiyàn lórí 85. Lórí 55-250 ni mo ti ní ẹ dúró. EF-S ni, kò ní bá kámẹ́rà full-frame oní-EF mu, ọjọ́ tó bá fẹ́ gòkè á tún tà á ní owó tí kò tó nǹkan. Ra 85 nísinsìnyí, lo háyà fún Ojúde Ọba, kí o máa tù ú jọ fún Tamron G2 tàbí IS II. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò san owó rẹ̀ padà.

ÌyáFọ́tò (Ìbàdàn)

Ẹ̀gbọ́n, owó háyà ọjọ́ Iléyá ń gòkè bí owó àgbò ni. Ẹ jẹ́ kó ní nǹkan tirẹ̀ lọ́wọ́.

Onífọ́tò_Àkúrẹ́

Mo ti bá ẹni tó ní 85 sọ̀rọ̀, ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ, tọ́ọ̀ṣì àti ìwé ìròyìn ti wà nínú báàgì. Ọ̀rọ̀ 55-250, màá wo bí owó ìsìnkú tó ń bọ̀ yìí bá ṣe wọlé.

Ọmọ_Nikon

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọlé. Mo rí Nikon AF-P DX 70-300 VR kan tí kò wọ́n, gíráàmù 415, ó wù mí. Ṣé ó máa bá D90 mi lọ?

Dókítà_Lẹ́ńsì

Á wọ ara rẹ̀, kò ní rí fókọ́ọ̀sì. D90, D3100, gbogbo àwọn àgbà yẹn, mọ́tò AF-P kò gbọ́ èdè wọn, kódà o ò lè fi ọwọ́ yí fókọ́ọ̀sì rẹ̀, torí iná mànàmáná ló ń yí i. Wá AF-S 70-300 VR ti 2006, èyí tó wọ̀n ní 745. Ìyẹn á bá a lọ dáadáa.